Má Jẹ́ Kí Wọ́n Mú Sísí Lọ sí Ìbógùn

Mowé,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Bùkọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbé jó,

Ṣé ara rẹ le nínú ilé tuntun? Ọkọ rẹ ńkọ́? Èmi wà, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣe àríyànjiyàn tí mo bá fẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Má dá a lóhùn. Táyọ̀ àbúrò rẹ ló máa mú lẹ́tà yìí wá, torí ó ní òun ń gba Akúte kọjá lọ́la. Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ sínú fóònù kí n fi ránṣẹ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo tún pa á rẹ́. Mo wá ya bébà nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi. Bí o bá rí àyà àti ìdí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ojú ìwé, fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọ lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ kó jẹ.

O pè mí, o ń sunkún. O ní láti ọjọ́ tí o ti mú Sísí ajá rẹ dé ilé ọkọ rẹ, òun àti ajá méjì tí Délé ti ní tẹ́lẹ̀, Táígà àti Bọ́bì, kò fara rọ. O ní wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ lójoojúmọ́, pé Sísí ti fi eyín kan Bọ́bì létí, àti pé Délé ní ìyàwó ló ń gba ti ilé ọkọ, ajá tó bá ìyàwó wá ló yẹ kó lọ. O ní ọkùnrin àgbẹ̀ kan láti Ìbógùn ń bọ̀ wá mú un láàárọ̀ Sátidé. O bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni kí n ṣe?" Kí ni mo sọ? Mo ní, "Fi sílẹ̀ fún wọn, Bùkọ́lá. Ìwọ ni àgbà."

Àgbà ta ni? Délé fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lọ! Ọ̀rọ̀ yẹn kàn bọ́ lẹ́nu mi ni, bó ṣe ń bọ́ láti ìgbà tí mo ti bí àbúrò rẹ. O kàn ní, "Ẹ ṣé, mà." O sì pa fóònù. "Ẹ ṣé, mà" yẹn ló ń jẹ mí lára láti ọjọ́ náà. Ọmọ tó bá ń bínú á jiyàn. Èyí tó bá ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ló ń sọ pé ẹ ṣé. Ajá tí o ti tọ́ láti yunifásítì, tó ti lé lọ́dún mọ́kànlá, tí irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, mo ní kí o fi sílẹ̀!

Ìbógùn tí o wá dárúkọ ló gbé mi lulẹ̀ jù. Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ. O mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyókù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí àfi èmi.

Nígbà tí a kó wá sí Mowé láti Mushin, ìwọ ń lọ sí ọdún mẹ́fà, Táyọ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Ilé mẹ́rin péré ló wà ní gbogbo àdúgbò wa, ẹ̀ẹ̀sún ló kún ibi yòókù. Fẹ́ǹsì wa ò ju ìdajì lọ, kò sí géètì, pákó la fi dí ojú ọ̀nà. Tí mo bá jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án, màá máa gbọ́ ìró ọkọ̀ láti ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, á wá dà bíi pé gbogbo ayé ń lọ síbì kan, èmi nìkan ni wọ́n gbàgbé sínú igbó. Dádì yín á ti jáde lọ sí Èkó kí ẹ tó jí. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́. Òun ló ní ká lọ ra ajá.

Tanímọ̀la la kọ́kọ́ rà, ní Ìfọ̀, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ojú irin. Abo ajá ni, ó pupa bí ilẹ̀ àdúgbò wa, etí rẹ̀ kan ṣẹ́. Dádì yín ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí ẹnì kan bá ń kọjá tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a wá kọ́lé sáàárín òkété, Dádì yín kò ní bá a jà, á kàn pe ajá rẹ̀: "Tanímọ̀la! Tanímọ̀laaa!" Ẹni tó bá gbọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ajá ló ń bá wí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bíńgò dé, akọ dúdú tí ẹnì kan fún wa ní Ìbàfò. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀, Dádì yín tún gbé ọmọ ajá kan wálé nínú páálí búrẹ́dì, akọ ni òun náà. A ò rí orúkọ tó bá a mu, a wá ń pè é ní Kékeré títí tó fi ga ju àwọn yòókù lọ.

Ṣé o rántí ìrọ̀lẹ́ ìgbà yẹn, Àbẹ̀kẹ́? Dádì yín á sọ kalẹ̀ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Kí èmi tó rí i, àwọn ajá ti gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Wọ́n á sáré jáde, Tanímọ̀la níwájú, Bíńgò lẹ́yìn, Kékeré nígbẹ̀yìn, ìwọ náà á máa sáré tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà, èmi á máa pariwo pé kí o padà wá wọ bàtà. Dádì yín á kọ́kọ́ fọwọ́ pa Tanímọ̀la lórí kó tó kan ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, èmi sì rò pé ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ jù ni. Ní báyìí gbogbo ibẹ̀ ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ Marwa ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ikọ́ ẹnikẹ́ni. Àárò ariwo yẹn ń sọ mí. Àárò ẹni tó ń wúkọ́ náà ń sọ mí.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ni mo jókòó láti kọ, kì í ṣe ẹkún.

Èkíní. Mọ eré yàtọ̀ sí ìjà.

Nígbà tí Bíńgò ń dàgbà, mo bá òun àti Tanímọ̀la lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan gbé ọ̀kan lọ́rùn, wọ́n ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, eyín wà níta, eruku sọ lálá. Mo figbe ta. Mo gbé bàsíà omi ìfọṣọ, mo dà á lé wọn lórí pẹ̀lú ọṣẹ àti ìbọ̀sẹ̀ Dádì yín. Ṣé o rántí Bàbá Ọdẹ, baba arúgbó tí oko ìdílé wọn wà lẹ́yìn ilé wa? Ó ń kọjá, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ẹ̀yin ará Èkó yìí! Ṣé ẹ ò tíì rí eré rí ni?"

Ó ní kí n jókòó kí n wò ó dáadáa. Ó ní ajá tó bá fẹ́ ṣeré á tẹ́ àyà sílẹ̀, á gbé ìdí sókè, bí ọmọkùnrin tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tó wá yí ọkàn padà. Ó ní kí n wo ẹni tó ń ṣubú. Tanímọ̀la lágbára ju Bíńgò lọ fíìfíì, síbẹ̀ òun ló ń dìídì ṣubú, tó ń na ẹsẹ̀ sókè kí ọmọdé lè gùn ún. Tó bá yá, òun náà á dà á. Bàbá Ọdẹ ní, "Ṣubú fún mi kí n ṣubú fún ọ ló ń mú eré ọmọ ajá dùn. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i tí ẹnì kan ń ṣubú ṣáá, tí ẹnì kejì ò ṣubú rí, eré ti tán nìyẹn o. Ẹ tètè yà wọ́n." Ó ní ariwo kọ́ ni kí n máa bẹ̀rù. Ìgbà tí ara ajá bá le gan-an, tí ìrù dúró, tí ojú ò ṣẹ́, tí wọ́n dákẹ́, ìgbà yẹn ni kí n dìde.

Nítorí náà kí o tó gbà fún Délé pé ìjà ni wọ́n ń jà, gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé, kí o jókòó. Ta ló ń pe ta ni? Ṣé Bọ́bì máa ń padà wá lẹ́yìn tí Sísí bá ti dà á? Ọmọdé tí wọ́n bá lù kì í tún padà wá tọrọ. Etí tí o sọ yẹn ńkọ́, ṣé ó ya ni, àbí ó kàn bó? Sísí tó máa ń fọ́ egungun màlúù bíi búrẹ́dì, tó bá fẹ́ gé etí ni, etí ì bá ti wà nílẹ̀. Ìkìlọ̀ ló fún un.

Èkejì. Má gba kíkùn lẹ́nu ajá.

Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kékeré dé, kò níwà. Á fò lé Tanímọ̀la lórí lójú oorun, á fa etí rẹ̀ tó ti ṣẹ́, á ki ẹnu bọ abọ́ rẹ̀. Tanímọ̀la á kùn. Bí kò bá gbọ́, á fi ẹnu tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ojú ọgbẹ́. Ó ń kọ́ ọmọ ni. Èmi wá ńkọ́? Ìgbálẹ̀! Màá na Tanímọ̀la, màá máa pariwo pé, "Àgbàyà! Ìwọ tí o jù ú lọ! Ṣé ojú ò tì ọ́? Fi sílẹ̀ fún un, ìwọ ni àgbà!" Màá wá gbé Kékeré wọ yàrá, màá fún un lẹ́ja. Oúnjẹ wá di pé Kékeré ni mo ń kọ́kọ́ bù fún, torí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn: ọmọdé ló ń kọ́kọ́ jẹun, àgbà ló ń gba ohun tó kù.

Bùkọ́lá, ajá ò mọ ìyẹn. Ohun tí Kékeré rí ni pé bí Mọ́mì bá wà nítòsí, òun lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnikẹ́ni lórí. Ohun tí Tanímọ̀la rí ni pé bí òun bá kùn, wọ́n á na òun. Ó wá dẹ́kun à ń kùn. Mo yọ̀! Mo sọ fún Dádì yín pé, "Ẹ ò rí i pé ó ti gbọ́n?" Ó wo ajá náà, ó wo èmi, ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, ilé tí a bá rí tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà." Mo ní kó lọ wẹ̀. Ṣé o rí i, kíkùn yẹn ni ẹnu tí ajá fi ń sọ pé "ó tó." Tí o bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, eyín ló kù fún un.

Ọjọ́ tí eyín náà jáde, ìwọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, o ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo se bọ́kọ́tọ̀. Mo mú egungun ńlá kan, ẹyọ kan ṣoṣo o, fún ajá mẹ́ta, mo sì pe Kékeré kó wá gbà á níwájú àwọn yòókù. Tanímọ̀la dìde. Kò kùn. Ara rẹ̀ le gan-an, ìrù dúró. Ohun tí Bàbá Ọdẹ kọ́ mi gan-an ni mo ń wò, kò sì yé mi. Ohun tó tẹ̀ lé e, n ò lè kọ ọ́ tán. Ìwọ lo sáré wọ àárín wọn, o na ọwọ́ sí ọrùn Tanímọ̀la láti fà á kúrò.

Nígbà tí mo fi máa dà wọ́n lómi, ọwọ́ rẹ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. O ò sunkún, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. O ń sọ pé, "Mọ́mì, kì í ṣe Tanímọ̀la. Kékeré ni. Mọ́mì, ẹ gbọ́." Kí ni mo fi dá ọ lóhùn? Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀, mo ní, "Dákẹ́! Ìwọ ni àgbà, kí lo wá lọ láàárín ajá, tí o jẹ́ kí àbúrò rẹ máa wo irú nǹkan báyìí?" A gbé ọ lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí a dé, mo sọ fún Dádì yín pé Tanímọ̀la ló bù ọ́ jẹ, pé kò lè sun ilé yẹn mọ́jú. Ọkùnrin kan tó máa ń kó ẹ̀gẹ́ láti Ìbógùn wá sí Mowé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ. O dúró lójú fèrèsé. O ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi yà.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí rèé, kódà mi ò sọ ọ́ fún Dádì yín títí tó fi papò dà. Mo rí i. Mo rí ẹnu Kékeré lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́ Kékeré nínú yàrá, èmi ni mo gbá àgbà kúrò nídìí oúnjẹ fún un. Tí mo bá gbà pé òun ni, mo ti gbà pé èmi ni. Ó rọrùn fún mi kí ajá tí kò lè sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tó lè sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́. Dárí jì mí, Bùkọ́lá. Ó ti lé lógún ọdún tí ó ti yẹ kí n sọ ọ́.

Ṣé ilé wá tòrò? Ẹ gbà mí! Bíńgò àti Kékeré ò jẹ́ ká sinmi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé Tanímọ̀la ló máa ń rìn kọjá láàárín àwọn akọ méjì yẹn tí ara wọn bá ti ń gbóná, á kàn fi ìhà tì wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, jẹ́jẹ́, bíi pé ọ̀nà rẹ̀ ló gba ibẹ̀. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀mí ìjà ló wọlé wa, pé ká gbààwẹ̀. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ajá! Dádì yín ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ mú ìyá ilé wá."

O bá wa lọ. A wọkọ̀ gba Ìfọ̀, a gun ọkadà wọ Ìbógùn. O ti lè gbàgbé, àmọ́ ojú mi ló ṣì ń wò ó. Tanímọ̀la wà lábẹ́ igi ọsàn níwájú ilé ìdáná ọkùnrin náà, ó ti sanra díẹ̀. Àwọn ọmọ ajá ilé náà ń gùn ún, ó sì ń ṣubú fún wọn, ó ń na ẹsẹ̀ sókè, ó ń gbé wọn yí. Ó tó ọdún kan tó ti ṣeré kẹ́yìn nílé wa, n ò tiẹ̀ kíyè sí i pé kò ṣeré mọ́. Ó rí wa, ó sáré wá. Ìwọ ló kọ́kọ́ bá, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ tó ti jinná, ó lá a. Ó bá Dádì yín. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tí Dádì yín mú okùn jáde tó pè é, ó wo okùn, ó wo ojú ọ̀nà, ó ju ìrù díẹ̀, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀ sí abẹ́ igi rẹ̀. Dádì yín ká okùn padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ó ti rílé."

Nínú ọkọ̀, ìwọ sùn lé mi lẹ́sẹ̀, mo ń ronú pé ajá ò ní bínú títí, pé tí mo bá mú ẹja lọ nígbà míì, á tẹ̀ lé mi. N ò lọ mọ́.

Èmi ò mọ èwo ni mo kà dé mọ́. Ẹ̀kẹta ni tàbí ẹ̀kẹrin, kà á fúnra rẹ.

Má fi òfin àwa ènìyàn de ajá. Èmi fi "ìwọ ni àgbà" dè wọ́n, ó bàjẹ́. Délé náà fẹ́ fi "ìyàwó ló ń gba ti ilé ọkọ" dè wọ́n. Sísí kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, Táígà kì í sì í ṣe ọmọ ilé. Ilé onílé ló bá ara rẹ̀, àwọn yẹn rí àlejò tó ń fi ìmú wo gbogbo igun ilé wọn. Kó wọn jáde. Kí Délé fi okùn mú Táígà, kí o mú Sísí, ẹ jọ rìn lójú títì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì, kí ó mú Bọ́bì. Kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa wo iwájú, kì í ṣe ojú ara wọn. Bọ́bì ò tíì pé ọdún méjì, bí ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló ṣe ń ṣe, á dán gbogbo ènìyàn wò. Kí àgbà kùn mọ́ ọn, kì í ṣe kí wọ́n lé àgbà.

Abọ́ mẹ́ta, igun mẹ́ta. Egungun, rárá o, àfi kí kálukú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀. Wo ẹni tí àwọn fúnra wọn ń yàgò fún, òun ni kí o kọ́kọ́ bù fún, ì báà ṣe Sísí, ì báà ṣe Táígà. Ohun tí Dádì yín ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, tí mo ń pè ní ojúsàájú. Fún Sísí ní ibi kan tí Táígà àti Bọ́bì ò gbọ́dọ̀ dé, kó lè sùn. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran pẹ̀lú. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe kékeré, bóyá ìbàdí ló ń dùn ún tó fi ń kanra. Tí orúnkún bá ń dun èmi náà, ṣé n kì í kùn ni? Bí ó bá sì di ìjà gidi, fi pákó sáàárín wọn, lu ìkòkò, da omi. Má na ọwọ́. Mo bẹ̀ ọ́, ọwọ́ kan ti tó.

Má bá Délé jà o. Ènìyàn burúkú kọ́. Kò mọ̀ ni, bí èmi náà ò ṣe mọ̀, èmi tí mo tiẹ̀ rí ẹni tó kọ́ mi. Fún un ní lẹ́tà yìí kó kà bí o bá fẹ́, àmọ́ bo ibi tí mo ti dárúkọ ìbọ̀sẹ̀ bàbá rẹ mọ́lẹ̀.

Ohun tó kù kì í ṣe ti ajá.

Kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọdé tí Dádì yín rà fún ọ nígbà tí o ṣe ipò kìíní, ọjọ́ mélòó lo gùn ún? Táyọ̀ sunkún, mo ní, "Gbé e fún un, ìwọ ni àgbà." Yàrá tó ní fèrèsé méjì, mo ní ìwọ ni àgbà. Ìgbà tó fọ́ awò ojú rẹ tí o fi ń kàwé, ìwọ ni mo bá wí pé kí ló dé tí o gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé tó o. O ń ṣubú, o ń ṣubú, o ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ mi obìnrin ò ní wàhálà rárá. N ò kíyè sí i pé o ti dẹ́kun à ń kùn, ìwọ náà. Kò tiẹ̀ ṣe Táyọ̀ lóore. Ó ti di géńdé báyìí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan. Táyọ̀, bí o bá ṣí lẹ́tà yìí kà nínú ọkọ̀, o ti gbọ́ ohun tó yẹ kí o gbọ́. Dá a padà bó ṣe wà.

Àbẹ̀kẹ́ mi, o ti wọ ilé ọkọ, ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Kì í ṣe pé Délé á fìyà jẹ ọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé á bi ọ́ ní nǹkan, o ò ní sọ pé ó dùn ọ́, o ó ní ẹ ṣé, á sì rò pé ó tẹ́ ọ lọ́rùn. Báyìí ni èèyàn méjì ṣe ń gbé pọ̀ títí tí ọ̀kan fi máa wo okùn, tó máa wo ojú ọ̀nà. Ìyẹn ni mo fi ń pariwo lórí ajá. Tí o bá lè gba ti Sísí rò ní Sátidé, o ó lè gba ti ara rẹ rò lọ́jọ́ mìíràn.

Mo kọ́kọ́ ní kí n pe Délé fúnra mi. Mo tiẹ̀ ti gbé fóònù. Ó máa gbọ́ tèmi, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, á ní, "Ó ti tán, mà." Mo wá gbé fóònù sílẹ̀, torí tí mo bá bá ọ sọ ọ́, èmi ni mo tún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ nìyẹn.

Nítorí náà, bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ní ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Bí ọkùnrin Ìbógùn bá ṣì wá ní Sátidé, má rán ẹnikẹ́ni sí i. Ìwọ ni kí o lọ ṣí géètì. Kí i dáadáa, fún un lómi, àgbẹ̀ ni, ó ti rin ọ̀nà jíjìn. Kí o wá sọ fún un pé ajá náà ò lọ mọ́.

Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, má dárúkọ mi. Sọ pé ìwọ ni.

Ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì gbọ́ ọ,
Ìyá Bùkọ́lá.